Ọjọ́ Kan fún Àṣà, Ọjọ́ Yòókù fún Ìtanràn

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ọmọbìnrin wa wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ Àṣà níbẹ̀. Lọ́dún yìí, ọmọ mi ró ìró òfì, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, ó sì ki oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ níwájú gbogbo òbí títí omijé fi bọ́ lójú ìyá mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan náà sunkún délé. Wọ́n ti gba ₦20 lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fi Yorùbá tọrọ omi lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì. Mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n má lọ. Ó ní àṣà ẹ̀yà ni kò jẹ́ kí Nàìjíríà gún régé, pé bí a bá ń sọ fún ọmọ lójoojúmọ́ pé Yorùbá ni, kò ní mọ bí a ti ń bá ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá gbé. Mà, ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ṣé gbígbé àṣà ìbílẹ̀ lárugẹ ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ni, àbí ó ń dí i lọ́nà?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àbójútó ọmọ o, ìyá wa. Mo ka lẹ́tà yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ ní èdè àti àṣà Yorùbá níbí ní Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ₦20 yẹn sì dùn mí wọ egungun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn ní ṣókí kí n tó ṣàlàyé. Ẹ̀yin lẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba ọkọ yín lẹ́rù ní ìdí, n ó sì dé orí rẹ̀. Àṣà ìbílẹ̀ kì í dí ọmọ lọ́nà láti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Inú rẹ̀ gan-an ni ọmọ ń gbà dé Nàìjíríà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ní ilé-ìwé ọmọ yín ni pé wọ́n fún àṣà ní ọjọ́ kan, wọn kò sì fún un ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Wọ́n gbé e jáde bí aṣọ ìmúròde, nígbà tí òde parí, wọ́n ká a padà sínú àpótí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń lò fún ohun tí à ń sọ yìí. Orílẹ̀-èdè ni. Orílẹ̀ ni ibi tí ìdílé ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, òun ló wà nínú oríkì orílẹ̀ tí ìyá àgbà fi ń dá ọmọ lóhùn nígbà tó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀: ọmọ Oníkòyí, ọmọ Olófà, ọmọ Arẹ̀sà, ọmọ Ọ̀pómúléró. Èdè kò nílò àlàyé. Nígbà tí àwọn tó ṣáájú wa ń wá orúkọ tí wọn yóò pe ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà lábẹ́ ìjọba kan, orílẹ̀ àti èdè ni wọ́n so pọ̀. Bí ẹnìkan bá wá ní kí ọmọ fi orílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi èdè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó lè di ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti ń ta kora létí.

Ọ̀nà tí àwa pàápàá gbà di Yorùbá yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti ìwáṣẹ̀ ni gbogbo wa ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ọ̀yọ́ ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀; Ìjẹ̀bú ń jẹ́ Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Èkìtì ń jẹ́ Èkìtì. Ìlú Freetown ní Sàró ni ọ̀pọ̀ wọn ti pàdé ara wọn, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ti Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Àwọn tó ń gbọ́ “ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu” lẹ́nu wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ sọ wọ́n lórúkọ Akú. Ìkíni wa ni wọ́n fi mọ̀ wá kí a tó ní orúkọ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn ní apá Ìsẹ̀yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ó tẹ ìwé gírámà èdè wa jáde ní 1843, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì túmọ̀ Bíbélì parí ní 1884. Láàárín ìran kan sí méjì, orúkọ tó jẹ́ ti Ọ̀yọ́ ti di ti gbogbo wa.

Kì í sì í ṣe pé a rẹ́ nígbà náà. Ogun Kírìjì tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ó sì di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ibùdó wọn ká. Ẹ wá wo bí ó ti rí lónìí. Ìjẹ̀ṣà ṣì ń jẹ́ Òṣómàáló, Ìjẹ̀bú ṣì ń ṣe Agẹmọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ni Ajílété níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu kọ́kọ́ yangan, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó ní kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbàgbé Ọwá kí ó tó lè wọlé. Orúkọ ńlá gba àwọn orúkọ kékeré mọ́ra, ó sì dúró. Bí èyí bá ṣeé ṣe láàárín àwọn tó fi ọdún 16 yìnbọn lu ara wọn, n kò rí ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe láàárín ọmọ yín àti ọmọ Ìgbò tó jókòó tì í.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo aṣọ tí ọmọ náà wọ̀. Mo ní àlàárì kan tí ìyá mi fi ṣe ìyàwó. Bí mo bá tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, mo lè fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Pupa rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ níbi tí ìyá mi máa ń ká a sí, ṣùgbọ́n ibi tó wà ní inú ṣì pọ́n fòò. Lójú wa, kò sí ohun tó jẹ́ ti Yorùbá tó àlàárì. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Haúsá wá. Alharini ni wọ́n ń pe òwú ṣẹ́dà náà, àwọn náà gbà á lẹ́nu Lárúbáwá. Láyé àtijọ́, orí ràkúnmí ni òwú pupa yẹn ti ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, kí ó tó dé ọwọ́ àwọn ahunṣọ ilẹ̀ wa. Àwọn ahunṣọ wa ló sọ ọ́ di tiwa, nítorí pé wọ́n mọ òfì í ta, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí aṣọ náà sọ lára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọ̀nà kan náà ni àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ wa gbà wọ inú èdè wa, àti àlàáfíà tí a fi ń dáhùn bí a bá bi wá pé ṣé dáadáa ni. Kàkàkí tí wọ́n ń fun ní ààfin Ọ̀yọ́, wọ́n ń fun ún ní ààfin àwọn ọba Haúsá pẹ̀lú.

Ṣàngó náà ńkọ́? Ìtàn tí a jogún ní Ọ̀yọ́ ni pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá rẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, a máa ń ṣe ọdún rẹ̀ ní Kòso. Kò pọn dandan kí ènìyàn máa bọ òrìṣà kí ara rẹ̀ tó jí sí ohun tó wà níbẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, síbẹ̀ bí bàtá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí elégùn jáde pẹ̀lú irun dídì lórí àti oṣé lọ́wọ́, mo máa ń mọ̀ pé ohun tó ju mí lọ ni mo ń wò. Àwọn ènìyàn ń ti Bùràsíìlì àti Kúbà wá síbẹ̀, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ, tí Ṣàngó sì bá wọn la òkun kọjá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, níbi ìpàdé kan ní ilẹ̀ Botswana, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkójọ àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Orúkọ orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n kọ sí i? Nàìjíríà ni. Òrìṣà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Tápà, tí Ọ̀yọ́ ń bọ, ló ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà níbẹ̀. Inú àkójọ kan náà ni eégún Ìjẹlẹ̀ ti àwọn Ìgbò ti wà láti 2009, àti ọdún ẹja pípa ti Àrgúngú láti 2016, àti Dúrbà Kánò láti 2024. Kò sí èyí tó ti èkejì jáde.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọkọ yín báyìí. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbọ́ ọ, mo sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ìlú Tamale ní àríwá Gánà ni ó ti ń ta aṣọ àti àwo, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà bí eléèrùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo rántí àpótí pákó kan tí bàbá mi fi okùn dì nígbà mẹ́ta, tí ó sì ń tú u lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nítorí pé ìyá mi ṣì ń rí ohun mìíràn tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo rántí ìyá kan, ọmọ Dagomba tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ibẹ̀, tó máa ń dirun fún mi, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa, tí kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi gbọ́ èdè wọn débi pé òun ni wọ́n máa ń pè láti parí ìjà ní ọjà, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò bèèrè èdè tí ènìyàn gbọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà, a sì sọ báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ní orúkọ tí a ṣì ń pè é títí di òní. Bàbá mi kò lè gbọ́ orúkọ báàgì yẹn kí ojú rẹ̀ má yí padà.

Nítorí náà, mo mọ̀ pé wọ́n lè sọ ibi tí ènìyàn ti wá di pàṣán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tó lé wa ní Tamale dájú. Àwọn Dagomba ń ṣe ọdún Damba wọn lọ́dọọdún, bàbá mi a dáṣọ fún un, a sì lọ wòran. Ijó wọn kò lé wa. Ìwé tó pín àwọn ènìyàn sí onílẹ̀ àti àlejò ló lé wa, ní ìgbà tí ọrọ̀ ajé le, tí àwọn ènìyàn sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹrù náà lé lórí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàárín wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà síbẹ̀, ṣì gbọ́dọ̀ padà wálé wá gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú kí ó tó lè wá ipò. Bẹ́ẹ̀ abala 15 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba rí i dájú pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú ní kíkún níbikíbi ní ilẹ̀ yìí. Bí ọkọ yín bá ń wá ohun tí yóò bá jà, ibẹ̀ ni kí ó lọ. Oríkì tí ọmọ rẹ̀ kì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àmì kan wà tí èmi fi ń mọ àjọyọ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó léwu. Mo máa ń wò ó bóyá àlejò lè jókòó níbẹ̀ jẹun, kí ó sì bèèrè ohun tí kò yé e, láìsí pé ẹnìkan bú baba rẹ̀. Bí orin kan kò bá dùn àfi bí a bá fi ẹ̀yà mìíràn ṣẹ̀sín nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé bàbá ńlá wa ló dá a. Gbogbo ohun tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa náà kọ́ ni a ó gbé lárugẹ. Abala 21 nínú ìwé òfin kan náà sọ pé àṣà tó ń gbé iyì ọmọ ènìyàn ga ni kí ìjọba dáàbò bò. Ilà wà lójú bàbá mi, mo sì fẹ́ràn ojú yẹn títí ó fi kú, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ fún èyíkéyìí nínú wa.

Ẹ mú ₦20 kan wá wàyí, irú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ ó rí obìnrin kan pẹ̀lú ìkòkò. Ladi Kwali ni. Ọmọ Gbagyi ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, láti ìlú Kwali tó wà ní agbègbè Àbújá lónìí. Ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ bí wọ́n ti ń mọ ìkòkò nígbà èwe rẹ̀. Kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń yí ìkòkò náà ká, tí yóò máa rìn, tí yóò máa to amọ̀ tó ti fi ọwọ́ yí bí okùn lé ara wọn, tí yóò sì máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fín alángbá, àkekèé, ọ̀nì àti ejò sí i lára. Ní 1954, ó lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní ìlú tí a ń pè ní Suleja báyìí, láti ibẹ̀ ni òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ó kú ní 1984.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn àwòrán yẹn ni pé Ladi Kwali kò fi nǹkan kan sílẹ̀ kí ó tó dé orí owó gbogbo wa. Ìkòkò tí wọ́n fi ń pọn omi ní abúlé rẹ̀ ni ó ń mọ, ó kàn mọ ọ́n dé ojú àmì. Ẹ̀yà rẹ̀ kò sì sí nínú WAZOBIA tí a máa ń pariwo. “Wá” tiwa, “zo” ti Haúsá àti “bịa” ti Ìgbò ni wọ́n so pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìtumọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n ń sọ ní Nàìjíríà lé ní 500. Ẹ tún wo ara owó náà dáadáa, wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ ní Haúsá, ní Ìgbò àti ní Yorùbá. Owó tí ìjọba àpapọ̀ kọ Yorùbá sí lára ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ fi owó náà hàn án kí ẹ tó sọ ohunkóhun.

Ó lè sọ fún yín pé ìjọba ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ ní kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní kí a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé àṣìṣe ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìkéde náà láti òkè dé ilẹ̀ yóò rí i pé èdè tí olùkọ́ fi ń kọ́ni ló ń sọ. Ìyẹn kò kan omi tí ọmọ tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní New Zealand, wọ́n na àwọn ọmọ Māori, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ní ilé-ìwé nítorí èdè wọn, títí èdè náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn àgbà wọ sàréè. Ní 1982, àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jòjòló jọ, wọ́n ń fi Māori nìkan tọ́ wọn ní ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ní 1987, òfin sọ èdè náà di ọ̀kan nínú èdè ìjọba. Lónìí, òyìnbó ilẹ̀ náà ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn ní Māori kí ó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, inú wọn sì ń dùn sí i. Ní South Africa, èdè márùn-ún ló wà nínú orin orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwa yí tiwa padà ní 1978, a tún yí i padà ní 2024, Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà méjèèjì. Abala 55 nínú ìwé òfin wa gba àwọn aṣòfin àpapọ̀ láyè láti lo Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un; ètò náà ni kò dé láti 1999.

Èyí ni mo ń pè ní fífún àṣà níṣẹ́. A mọ aṣọ í wọ̀ fún un, a mọ ìlù í lù fún un, a tilẹ̀ ṣe FESTAC, àjọyọ̀ ńlá ti àṣà àwọn adúláwọ̀, ní Èkó ní 1977, tí ayé wá wò wá, ṣùgbọ́n a kì í gbà á síṣẹ́. Ẹ ní kí ilé-ìwé ọmọ yín gbà á síṣẹ́. Níbi ìṣirò, kí tíṣà bèèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí 35 fi ń jẹ́ márùn-dín-lógójì, tí 50 fi ń jẹ́ àádọ́ta. Ọmọ tó bá rí i fúnra rẹ̀ pé ogójì ni wọ́n yọ márùn-ún kúrò nínú rẹ̀, pé ọgọ́ta ni wọ́n sì yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀, ti ṣe ìṣirò tó le ju èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ lọ. Níbi sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n pe aláró kan wá, kí ó fi ewé èlú àti omi eérú hàn wọ́n, kí wọ́n sì wo bí aṣọ tó jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé ṣe ń di aró lójú wọn bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i. Ìyẹn tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ rárá, mo sì fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, nítorí pé òun ni yóò fi bá ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí àwa ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa sọ fún ara wa. Yorùbá tí wọ́n ń kọ sínú ìwé, tiwa ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ Oǹdó àti ọmọ Ìkálẹ̀ ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ èdè àjèjì, wọ́n sì máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. A máa ń sọ pé “a jí ṣe bí Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí baba ẹnìkan,” ó sì dùn létí, èmi náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìyẹn ti ọmọ ẹlòmíràn sẹ́yìn ń ṣe ohun tí ilé-ìwé yẹn ṣe fún ọmọ yín. Kí ẹ tó lọ bá wọn, ẹ bi ọmọ yín léèrè àwọn tó wà nínú kíláàsì rẹ̀. Ó dájú pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló wà níbẹ̀, ní ìlú tí Fúlàní, Ìgbò àti Tiv ń gbé. Kí ni wọ́n wọ̀ ní Ọjọ́ Àṣà? Bó bá jẹ́ pé òfì ni wọ́n wọ̀ fún gbogbo wọn, ibi tí ẹ̀rù ọkọ yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, kí ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Ẹ má pariwo, ẹ má sì bú olùkọ́ náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ ìtanràn dúró, kí wọ́n sì dá ₦20 náà padà sí ọwọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ọwọ́ yín. Fún Ọjọ́ Àṣà tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ìkòkò omi kan sí àárín, amù gidi, kí wọ́n da omi tútù sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi igbá lé e lórí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde síwájú, kí ó fi èdè ilé wọn tọrọ omi. Ọmọ Haúsá yóò pè é ní ruwa, ọmọ Ìgbò yóò pè é ní mmiri, ọmọ Tiv yóò sọ tirẹ̀, ọmọ yín yóò sì sọ tiwa. Kí ẹni tó dúró ti amù náà bu omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí wọ́n mu ún.